Ẹ̀kúnwọ́ Ẹ̀pà Kan Lóòjọ́: Ìrànlọ́wọ́ fún Aboyún Tó Sanra Jù

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó kan ẹ̀yin ọkọ àti ẹ̀yin ìyá ọkọ pẹ̀lú, nítorí pé kì í ṣe aboyún nìkan ni ó ń pinnu ohun tó ń wọ inú ìkòkò ọbẹ̀.

Bí ènìyàn bá gbéra ní Ìṣẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó forí lé Ṣakí, yóò rí igi kajú lọ́tùn-ún lósì, yóò sì rí kóró rẹ̀ tí wọ́n sá sí iwájú ilé kí oníṣòwò tó wá kó o. Bí ó bá wọ ọjà, yóò bá ẹ̀pà níbẹ̀: ẹ̀pà sísè, ẹ̀pà yíyan, èyí tí wọ́n ti fi ṣe kulikuli àti èyí tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọjà kan náà, ẹ wo ọwọ́ aboyún tó wá najà. Bótìlì mínírà tútù ló sábà máa ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú pọfupọ́ọ̀fù tàbí bísíkíìtì. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò ni ó wà.

BÍ SÍSANRA BÁ TI KỌJÁ ÀÀLÀ

Bí obìnrin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún láàrin wa, ohun àkọ́kọ́ tí yóò máa gbọ́ ni pé kí ó jẹun dáadáa. Ìyá ọkọ rẹ̀ yóò bu àmàlà kún àwo, yóò ní, “Ìyàwó mi, jẹ ẹ́ tán o, ẹni méjì ni ò ń jẹun fún.” Bí ara rẹ̀ bá ń tóbi sí i, inú gbogbo ará ilé yóò dùn, wọn yóò ní ọkọ rẹ̀ mọ ìtọ́jú. Ìfẹ́ ni gbogbo èyí. A kò sì kọ ọ̀rọ̀ yìí láti fi ẹnikẹ́ni tó sanra ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ara kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Ọmọ inú kò nílò àwo oúnjẹ àgbàlagbà kejì. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìwọ̀n oúnjẹ tí ìyá ń jẹ tẹ́lẹ̀ ti tó. Ohun tí ọmọ ń fẹ́ ni oúnjẹ tó dára, kì í ṣe èyí tó pọ̀.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé ara ti kọjá ààlà? Àwọn oníṣègùn máa ń fi gíga ènìyàn ní mítà sọ ara rẹ̀ lọ́pọ̀, wọ́n á wá fi èyí pín ìwọ̀n kílò rẹ̀. Bí ohun tó jáde bá tó 25, ẹni náà ti sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá tó 30, ó ti di ìsanrajù tí dókítà gbọ́dọ̀ fojú sí. Fún àpẹẹrẹ, obìnrin tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.60, tí ó sì ti wọn kílò 77 kí ó tó lóyún, ti dé ibẹ̀. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ìlera àwọn ìdílé ní 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 15 sí 49, bí 28 ló sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tàbí ti àwọn olówó Èkó nìkan.

OHUN TÓ MÁA Ń FÀ FÚN ÌYÁ ÀTI ỌMỌ

Omi ara kan wà tí wọ́n ń pè ní ínsúlínì. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹran ara, kí ara lè fi ṣe agbára. Bí ènìyàn bá sanra jù, ínsúlínì kì í lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ mọ́. Oyún fúnra rẹ̀ tún máa ń dín agbára rẹ̀ kù. Nígbà tí méjèèjì bá pàdé lára ẹnì kan, ṣúgà lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí ni ìtọ̀ ṣúgà inú oyún.

Ṣúgà yìí máa ń gba inú ibi ọmọ kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n ínsúlínì ìyá kì í bá a kọjá. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣe ínsúlínì lọ́pọ̀ yanturu, èyí yóò sì mú kí ó máa sanra nínú ilé ọmọ. Ọmọ tó bá tóbi jù lè há nígbà tí ìyá bá ń rọbí. Orí lè jáde kí èjìká kọ̀. Ìyá lè fàya, tàbí kí ọ̀rọ̀ náà di iṣẹ́ abẹ. Bí wọ́n bá sì bí ọmọ náà tán, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì ní wákàtí díẹ̀ sí i, èyí tó léwu púpọ̀ fún ọmọ tuntun.

Kò mọ síbẹ̀. Aboyún tó sanra jù tún wà nínú ewu ẹ̀jẹ̀ ríru tó lè di gìrì. Obìnrin tó bá ti ní ìtọ̀ ṣúgà nínú oyún, bí ó tilẹ̀ lọ lẹ́yìn ìbímọ, ó lè padà wá ní ọjọ́ iwájú, kí ó má sì lọ mọ́. Ọmọ náà pàápàá lè tètè sanra jù bí ó bá ń dàgbà. Èyí tó burú jù nínú rẹ̀ ni pé ìtọ̀ ṣúgà inú oyún kì í sábà fi àmì kankan hàn. Ara ìyá lè le koko, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ó sì máa lọ sóko.

Ní Òkè-Ògùn wa níbí, láti Ìṣẹ́yìn títí dé Kìṣí, àwọn abúlé wà tí ọ̀nà wọn jìn sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ fún aboyún. Ọmọ tó há ní òru, lórí ọ̀nà tí kò dára, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìdí nìyí tó fi dára kí a ti ilé dènà rẹ̀.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ LONDON ÀTI BIRMINGHAM

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Shakila Thangaratinam, tó wà ní Queen Mary University of London nígbà náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó aboyún 1,252 jọ láti ilé ìwòsàn márùn-ún, mẹ́rin ní London, ọ̀kan ní Birmingham. Kì í ṣe àwọn tí ara wọn le ni wọ́n wá. Àwọn tó sanra jù wà níbẹ̀, àwọn tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru kí wọ́n tó lóyún wà níbẹ̀, àti àwọn tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀ jù.

Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń gba ìtọ́jú tí gbogbo aboyún ń gbà. Wọ́n fún apá kejì ní gírámù 30 kóró lóòjọ́, ìyẹn walnut, almọ́ńdì àti hazelnut tí wọ́n pò pọ̀, àti òróró ólífì tí wọn yóò máa fi se oúnjẹ. Wọ́n tún kọ́ wọn pé kí wọ́n jẹ ẹja, èso àti ẹ̀fọ́ sí i, kí wọ́n dín ẹran pupa kù, kí wọ́n sì yẹra fún ohun mímu oníṣúgà.

Ní oṣù Keje ọdún 2019, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Ewu ìtọ̀ ṣúgà inú oyún fi nǹkan bí 35 nínú 100 dín kù láàrin àwọn tó gba kóró àti òróró náà. Ara wọn kò sì wúwo sí i tó ti àwọn yòókù; ìyàtọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní kílò kan. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni a gbọ́dọ̀ máa sọ: wọn kò rí i pé ó dín ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún kù, wọn kò sì rí i pé ó mú ìyàtọ̀ bá ìṣòro àwọn ọmọ tuntun. Ìrànlọ́wọ́ ni, kì í ṣe àwòtán.

Wọ́n ti rí irú rẹ̀ ní Madrid, olú ìlú orílẹ̀-èdè Sípéènì, ní 2017. Aboyún 874 ni wọ́n tẹ̀ lé. Wọ́n ní kí apá kan máa jẹ ẹ̀kúnwọ́ pistachio lóòjọ́ pẹ̀lú òróró ólífì tó pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì yóò rántí pé irú kóró yìí àti almọ́ńdì wà nínú ẹ̀bùn tí Jákọ́bù fi rán àwọn ọmọ rẹ̀ sí Íjíbítì. Nínú àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dín ọ̀rá kù, ìtọ̀ ṣúgà mú 23.4 nínú 100. Nínú àwọn tó ń jẹ pistachio àti òróró ólífì, 17.1 nínú 100 ló mú.

ÈÉ ṢE TÍ OHUN ỌLỌ́RÀÁ KÒ FI MÚ WỌN SANRA SÍ I?

Ìbéèrè yìí tọ́, nítorí pé ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú kóró wọ̀nyí. Nínú gírámù 100 ẹ̀pà, bí gírámù 49 ni ọ̀rá, bí 26 sì ni èròjà tó ń mú ara dàgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ju ọ̀rá lọ. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ni irú tó máa ń ṣàn bí òróró, tí kì í dì. Kì í ṣe bí ọ̀rá ara ẹran tó ń dì nínú ìkòkò. Ara máa ń gba irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ láìfi bẹ́ẹ̀ dí ínsúlínì lọ́wọ́.

Èkejì, kóró máa ń pẹ́ nínú ikùn. Ẹni tó jẹ ẹ̀pà ní aago mẹ́wàá àárọ̀ lè dúró de oúnjẹ ọ̀sán láìwá nǹkan kiri. Ẹni tó mu mínírà, ebi yóò tún máa pa á láìpẹ́, nítorí ṣúgà inú rẹ̀ máa ń sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀, á sì tún sáré kúrò. Bótìlì mínírà ńlá kan lè ní ṣúgà tó tó kúbù mẹ́wàá. Ẹ̀kẹta, àwọn ohun ṣakaṣaka tí ikùn kì í lè lọ̀ tán wà nínú kóró, wọ́n máa ń dí ṣúgà lọ́wọ́ kí ó má sáré. Wọ́n tún máa ń di díẹ̀ nínú ọ̀rá náà mú, tí ó fi máa ń bá ìgbẹ́ jáde.

TI ÒKÈ-ÒGÙN ŃKỌ́?

Kí a má tan ara wa jẹ: walnut, almọ́ńdì àti hazelnut ni wọ́n fi dán an wò ní London, kì í ṣe ẹ̀pà Ṣakí. Walnut òyìnbó kì í sì ṣe awùsá tí a máa ń sè jẹ nígbà òjò, bẹ́ẹ̀ ni almọ́ńdì yàtọ̀ sí igi fúrúùtù tí a gbìn sí àgbàlá ilé ìwé. Ṣùgbọ́n èròjà inú ẹ̀pà àti inú kóró kajú jọ tiwọn púpọ̀. Irú ọ̀rá kan náà ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì ní èròjà tó ń mú ara dàgbà. Ẹ̀pà tún ní fólétì, èròjà tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Kóró kajú ní irin tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́.

Ó sì dun ni pé kajú tiwa kì í sábà dúró tì wá. Púpọ̀ nínú kóró kajú Nàìjíríà ni wọ́n ń kó ní tútù lọ sí Vietnam àti Íńdíà, kí wọ́n tó pa èèpo rẹ̀. Ìyá tó ń ṣa kajú ní oko ọkọ rẹ̀ lè má fi ẹyọ kan kan ẹnu. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ nínú tiyín, ẹ ṣọ́ra. Epo kan wà nínú èèpo kóró kajú tútù tó máa ń jó ètè àti ọwọ́ bí iná. Ẹ má ṣe fi eyín fọ́ ọ, ẹ má sì jẹ́ kí èéfín rẹ̀ fẹ́ lu aboyún nígbà tí ẹ bá ń yan án. Ó sàn kí ẹ ra èyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ti yan tí wọ́n sì ti pa.

Ní ti òróró ólífì, a mọ̀ pé bótìlì kékeré rẹ̀ wà nínú ilé ọ̀pọ̀ wa fún àdúrà. Ẹ má ṣe dà á sínú ọbẹ̀. Wọ́n máa ń fi lọ́fíńdà sí òmíràn nínú èyí tí wọ́n ń tà fún ìfòróróyàn. Ẹ ka ara bótìlì náà, kí ẹ rí i pé ti jíjẹ ni.

Ẹ FI Í RỌ́PÒ, Ẹ MÁ ṢE FI KÚN UN

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ẹ̀kúnwọ́ kan, ìyẹn bíi gírámù 30, ti tó fún ọjọ́ kan. Agolo mílíìkì kan ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ yẹn ní agbára tó tó kálórì 170. Bí aboyún bá jẹ ẹ́ dípò pọfupọ́ọ̀fù àti mínírà, èrè ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ àmàlà rẹ̀ bó ti ń jẹ ẹ́, tó mu mínírà rẹ̀ bó ti ń mu ún, tó wá fi ẹ̀pà lé e, ó ń fi igi sí iná tó fẹ́ pa ni.

Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀pà yíyan tí kò ní iyọ̀ tàbí ẹ̀pà sísè. Bí ẹ bá sì fẹ́ mu nǹkan tì í, omi ni kí ẹ mu. Ẹ̀pà inú gàrí oníṣúgà kì í ṣe ohun tí à ń wí. Kulikuli dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú òróró ni wọ́n ti dín in, ẹ jẹ́ kó mọ níwọ̀n. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn Amẹ́ríkà là á kalẹ̀ ní 2009 pé kí aboyún tí ìwọ̀n rẹ̀ ti tó 30 má ṣe fi ju kílò 5 sí 9 kún ara títí yóò fi bímọ. Ẹ béèrè ìwọ̀n yín nígbàkígbà tí ẹ bá lọ fún àyẹ̀wò.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN Ẹ̀PÀ TÓ TI HU ÈBU

Ní ọdún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, ẹ̀pà tó ti hu èbu ni wọ́n fi ṣe oúnjẹ wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ń gba inú ibi ọmọ kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Iná àdògán tàbí òróró gbígbóná kì í pa á tán.

Nítorí náà, ẹ ṣa ẹ̀pà kí ẹ tó yan án. Èyí tó bá hun jọ, tó yí àwọ̀ padà, tó hu èbu tàbí tó korò lẹ́nu, ẹ dà á nù. Ẹ má ṣe lọ̀ ọ́ mọ́ kulikuli, ẹ má sì dà á fún adìyẹ. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ tètè sá ẹ̀pà yín lórí tapólì tàbí lórí pẹpẹ, kì í ṣe lórí ilẹ̀ lásán, ẹ má sì dì í sínú àpò kí ó tó gbẹ dáadáa. Àwọn onímọ̀ ní IITA, Ìbàdàn, ti ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní Aflasafe, tí àgbẹ̀ máa ń fọ́n sí oko ẹ̀pà àti àgbàdo láti lé èbu burúkú náà jáde. Ìjọba sì ti fọwọ́ sí i láti 2014.

DÍẸ̀ NÍNÚ OHUN TÍ ÀWỌN ÌYÁ MÁA Ń BÉÈRÈ

Ṣé ẹ̀pà tí mo ń jẹ kò ní mú kí ara ọmọ mi kọ ẹ̀pà? Ní 1998, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fún àwọn aboyún tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà nínú ìdílé wọn pé kí wọ́n má jẹ ẹ́. Ní 2009, wọ́n yí ìmọ̀ràn náà padà, nítorí pé ẹ̀rí kò gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ara ìwọ ìyá fúnra rẹ kọ ẹ̀pà, tí ètè rẹ ń wú tàbí tí èémí rẹ ń há bí o bá jẹ ẹ́, má ṣe fẹnu kàn án.

Ṣé kí n fi ààwẹ̀ dín ara mi kù? Rárá o. Ìgbà oyún kì í ṣe ìgbà tí a ń wá bí a ó ṣe fọn. Ohun tí a ń wá ni pé kí ara má ṣe wúwo ju bó ti yẹ lọ.

Wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Ṣé kí n fi ẹ̀pà rọ́pò oògùn? Má ṣe bẹ́ẹ̀. Lo ohun tí dókítà fún ọ, kí o sì sọ ohun tí ò ń jẹ fún un.

ẸYIN ỌKỌ, Ẹ GBỌ́

Bí ẹ bá ń ti oko tàbí ibi iṣẹ́ bọ̀, tí ẹ sì fẹ́ ra nǹkan fún aya yín, ẹ ra ẹ̀pà yíyan àti ọsàn dípò mínírà àti bísíkíìtì. Ẹ fún un lówó ọkọ̀ lọ síbi àyẹ̀wò. Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aboyún rí elétò ìlera nígbà mẹ́jọ, ó kéré tán, kí ó tó bímọ. Láàrin ọ̀sẹ̀ 24 sí 28, ẹ bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà léèrè ibi tí wọ́n ti lè yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ má ṣe dúró de àmì.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ìfẹ́ yín kò ní dín kù bí àwo àmàlà bá dín kù. Bí ẹ bá sì ń ṣe ìpàdé àwọn obìnrin, ẹ jẹ́ kí abọ́ ẹ̀pà tí wọ́n ti ṣà dáadáa wà níbi ìpanu. Nǹkan kékeré ni, kò sì wọ́n wa ní Òkè-Ògùn. Ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó sì gbọ́ ohùn ọmọ.